Ta Ló Jàre Níwájú Ilé Bàbá Jọ́jì?

Mo kọ́kọ́ rò pé ìwé ìpolówó ni wọ́n fi há gíláàsì iwájú mọ́tò mi. Wọ́n máa ń há a síbẹ̀ dáadáa nílùú òyìnbó yìí: ẹni tó ń tún páìpù ṣe, ẹni tó ń ra mọ́tò tó ti gbó, ẹni tó fẹ́ gba ọkàn rẹ là. Òjò wínníwínní ń rọ̀. Mo ti wẹ Bàbá Jọ́jì, arúgbó òyìnbó tí mo ń tọ́jú, tán, mo ti wọ ṣòkòtò fún un, mo ti gbé tíì rẹ̀ sí i lọ́wọ́, arúgbó tó kàn sì ń dúró dè mí ládùúgbò kejì. Mo fa ìwé náà yọ pé kí n rún un sápò, àfi bí ojú mi ṣe bọ́ sára orúkọ káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀. Owó ìtanràn ni. Wọ́n ní mo páàkì síbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ní káàdì ìyọ̀ǹda, àwọn ò sì rí káàdì kankan nínú mọ́tò mi.

"Káàdì wo ni wọn ò rí?" Mo pariwo ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tó máa dá mi lóhùn. Mo yọjú wo inú mọ́tò. Káàdì mi nìyẹn o, lórí dáṣíbọọ̀dù, níbi tí mo máa ń tẹ́ ẹ sí lójoojúmọ́, ó yọ kedere bí ìyeyè tó pọ́n. Káńsù fúnra wọn ló ń fún ilé-iṣẹ́ wa ní káàdì yẹn, kí àwa tá à ń lọ tọ́jú arúgbó lójúlé wọn lè ríbi gbé mọ́tò sí.

Ọkùnrin tó kọ tíkẹ́ẹ̀tì náà kò tíì jìnnà. Ó ń yẹ mọ́tò ẹlòmíì wò nísàlẹ̀ òpópónà. Mo sáré bá a. Èmi àti ọkùnrin yìí kì í ṣe àjèjì síra wa o. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí i ni mo ń kí i kú iṣẹ́, torí bí wọ́n ṣe tọ́ mi ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì nìyẹn: o ò gbọdọ̀ kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó o má kí i. "Wẹ́ẹ̀lì dọ̀ọ̀nù, sà," ni mo máa ń wí. Òun náà á wá wò mí bí ẹni tó ń retí pé kí n yọ ọjà jáde nínú báàgì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wá wo káàdì mi nínú mọ́tò."

"Mi ò rí i nígbà tí mo wò ó," ló wí. "Tó o bá ní àlàyé, kọ ọ́ sí káńsù."

Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo ẹ kú iṣẹ́ tí mo ti ń kí i láti ọjọ́ yìí wá! Inú bí mi, mo wọ mọ́tò, mo fi agbára pa ilẹ̀kùn dé.

Tíṣà ni mí ní Ìsẹ̀-Èkìtì kí n tó wá. Sífíìkì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ: ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú, ojúṣe ìjọba, òfin ò mọ olówó, òfin ò mọ tálákà. Màá wí i, wọn á tún un wí lẹ́yìn mi, yàrá ìkàwé á máa dún. Ìkẹ́rẹ́ ni ilé wa. Mo máa ń wọ takisí lọ sí Ìsẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, màá sì padà sọ́dọ̀ bàbá mi ní Fúráìdè. Ìyá mi ti di olóògbé. Owó oṣù ń wá nígbà tó bá wù ú. Nígbà tó sú mi, mo wá síbí wá tọ́jú arúgbó. Bí mo ṣe dé ibí, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ìtàn yẹn ti pọ̀ nígboro, ti tèmi ò yàtọ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ ibí ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo kí gbogbo èrò inú rẹ̀ káàárọ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Obìnrin kan fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara mi bóyá nǹkan wà lára mi. Òtútù, a máa ń wọ ẹ̀wù sí i. Kí lèèyàn ń wọ̀ sí irú ìyẹn?

Bàbá Jọ́jì gan-an, nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó ní kí wọ́n rán ẹlòmíì wá. Kò sí ẹlòmíì. Ó bímọ mẹ́ta, inú fọ́tò lórí ògiri nìkan ni mo sì ti mọ̀ wọ́n. Ó ní kí n máa pe òun ní Jọ́jì. Ẹnu mi ò gbà á! Ẹni tó dàgbà ju bàbá mi lọ? Mo ń pè é ní Bàbá, ó ń fajú ro, mo ṣáà ń pè é. Nígbà tó yá, ẹni tó wá dípò mi lọ́jọ́ ìsinmi mi pè é ní Jọ́jì, ó ní kí ẹni náà pe òun ní Bàbá bíi ti obìnrin yòókù. Wọ́n sọ ọ́ fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ la fi ń gbé níbí.

Kò pẹ́ sígbà tí mo gba tíkẹ́ẹ̀tì tí ọ̀gá wa ní ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ pè mí. Obìnrin ni, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀ burúkú. Ó rẹ́rìn-ín.

"Káńsù sọ fún wa pé káàdì ò sí nínú mọ́tò rẹ," ló wí. "Níbo ló wà?"

"Inú mọ́tò ni, mà. Wọn ò wò ó dáadáa ni."

"A ti ń gbọ́ ọ pé àwọn kan nínú yín ń yá ọ̀rẹ́ wọn ní káàdì, kí wọ́n lè fi páàkì lọ́fẹ̀ẹ́ láàrin ìgboro."

Nínú yín. Mo wẹ̀yìn wò bóyá èèyàn wà lẹ́yìn mi. Èmi nìkan ni.

Ó wá gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ ti dín kù, wọ́n fẹ́ dín àwa náà kù. Fíìsà mi máa tó parí, ilé-iṣẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ tún kọ̀wé kí ìjọba tó fún mi ní òmíràn. Ìwé náà wà níwájú rẹ̀, kò tíì buwọ́ lù ú. "Tí ẹni tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí bá dá ọ láre, màá buwọ́ lù ú lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tí kò bá dá ọ láre, mi ò lè fi orúkọ ilé-iṣẹ́ dúró fún ẹni tó ń yá èèyàn ní káàdì."

Mo jáde, mo jókòó sínú mọ́tò. Ní ilé wa, wọ́n lè pè wá ní tálákà. Wọ́n lè ní ẹnu mi mú jù, bẹ́ẹ̀ náà ni, mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè wá lólè rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ àdúgbò wa dó. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwà rere! Mo sunkún bí ọmọdé.

Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n san án kíá, pé ẹni tó bá tètè san máa ń san ìdajì. Mo ní kí n san kí ni? Ẹni tó bá san ti gbà pé káàdì ò sí níbẹ̀. Tí káàdì ò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé mo yá èèyàn nìyẹn. Tí mo bá yá èèyàn, ẹrù mi ti di dídì.

Ni mo bá jókòó ti òfin. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ, èébú ló kún inú rẹ̀, mo fà á ya. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Mo lọ sí ilé ìkàwé ládùúgbò wa, mo ka ohun tí òfin sọ nípa tíkẹ́ẹ̀tì páàkì láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Mo rí i pé ẹ̀tọ́ mi ni láti béèrè fọ́tò tí ọkùnrin yẹn yà. Mo béèrè, wọ́n fi ránṣẹ́. Nínú èyí tó yà láti iwájú, omi òjò ti bo gíláàsì, kò sẹ́ni tó lè rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó ya òmíràn láti ẹ̀gbẹ́. Mo fi ọwọ́ fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Etí káàdì mi ló yọ lábẹ́ gíláàsì yẹn, ìyeyè kedere! Nínú fọ́tò tiwọn fúnra wọn! Mo fò sókè nínú ilé ìkàwé, obìnrin tó ń tọ́jú ìwé wò mí, mo jókòó padà.

Mo kọ̀wé sí káńsù, mo fi fọ́tò sí i. Wọ́n fèsì pé àwọn ti gbé ọ̀rọ̀ mi yẹ̀ wò dáadáa, àwọn ò gbà. Wọ́n dárúkọ òpópónà kan tí mi ò dé rí láyé mi. Wọ́n kàn mú èsì ẹlòmíì, wọ́n fi orúkọ mi sí i ni. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ìwé kejì ránṣẹ́, èyí tí wọ́n máa ń kọ sí ẹni tó ni mọ́tò, pé kó san odindi owó tàbí kó fi ẹsẹ̀ òfin jiyàn. Mo tún jiyàn. Ibí ló ti wá dùn. Òfin fún káńsù ní iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi dá irú ìwé bẹ́ẹ̀ lóhùn. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá láìsí èsì, òfin ní wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ onítọ̀hún wọlé nìyẹn. Mo ń wo kálẹ́ńdà bí aboyún tó ń retí oṣù rẹ̀. Ọjọ́ pé. Kò sí èsì. Ọjọ́ kọjá. Ìgbà tó ti pẹ́ tó ti kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ̀wé pé àwọn ò gbà.

Ẹsẹ̀ méjì ni ẹjọ́ mi wá fi dúró: káàdì wà nínú fọ́tò, èsì wọn sì pẹ́ ju ohun tí òfin sọ. Mo gbé e lọ síwájú adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ páàkì, ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ káńsù. Wọ́n dá ọjọ́ fún mi, wọ́n ní orí fóònù la ti máa sọ ọ́.

Gbogbo Sátidé ni mo ń pe bàbá mi. Hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá ló ti máa ń gbé fóònù, torí ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níléèwé, Yorùbá ìwé ló ń sọ, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, èdè Ìkẹ́rẹ́ ni.

"Ulé ńkọ́, Bàbá?"

"Ulé wà. Uṣẹ́ ńkọ́?"

Ẹ ò lè mọ bí "ulé" yẹn ṣe máa ń rí létí mi. Èèyàn lè ti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ kó máa sọ èdè òyìnbó, kó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo báyìí, kí ara rẹ̀ tù ú. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un: tíkẹ́ẹ̀tì, ohun tí ọ̀gá wa fi kàn mí, adájọ́ tó ń bọ̀. Mo retí pé kó yọ̀ pé ọmọ òun gbọ́n.

"Kóòtù?" ló wí. "Ọmọ mi, ìwọ àti ìjọba òyìnbó lẹ jọ ń ṣẹjọ́? Nínú ilé onílé?"

"Bàbá, èmi ni mo jàre."

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́ o."

"Káńsù kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi tẹ́lẹ̀, sà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kí n fi àwọn ìwé náà ránṣẹ́ kí òun kà á. Mo ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ lórí wàsáàpù, títí kan tíkẹ́ẹ̀tì gan-an. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ti kà á fínnífínní. Ó ti rí ibi tí káńsù ti kọ gírámà tí kò tọ́. "Ẹni tó kọ èyí ì bá jẹ pàṣán lọ́wọ́ mi," ló wí, àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé a ti jọ wà lẹ́yìn ẹjọ́ náà.

Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó bi mí bóyá Ẹ̀gbọ́n Olú mọ̀ sí i. Ọmọ Emùré ni Ẹ̀gbọ́n Olú, díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí. Ilé rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wọ̀ sí nígbà tí mo dé, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò lápá òsì. Mo ní mi ò fẹ́ dà á láàmú, ẹrù ti ara rẹ̀ ti tó o gbé.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ń rẹ èèyàn jù níbí? Kì í ṣe iṣẹ́ o, bí mo ṣe ń gbé arúgbó sókè sódò tó nì. Àforíjì ni. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀kùn rí. Ẹni tó bá gbún mi, èmi ni màá ní ẹ máà bínú. Bí wọn ò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mi, èmi ni màá bẹ̀bẹ̀. Mo kọ́ ọ débi pé ohùn mi kéré sí ohùn tí mo fi ń kọ́ ọmọ ní Ìsẹ̀. Mo wá ń ro ó ṣáá pé ọjọ́ kan á dé, ẹnìkan tó láṣẹ á wo ohun tí mo ní lọ́wọ́, á wo tiwọn, á sì wí pé, "Obìnrin yìí ló jàre." Fíìsà ṣe pàtàkì, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn ni mo ń lá.

Bàbá Jọ́jì nìkan ló máa ń bi mí. Tí mo bá ti ń gé èékánná rẹ̀, á ní, "Ẹjọ́ rẹ ńkọ́?" Màá ní ó ku díẹ̀. Á ní, "Má gbà fún wọn." Ó fẹ́ wá jẹ́rìí, kò kàn lè sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, mo gbààyè níbi iṣẹ́. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo wé gèlè, fún ẹjọ́ orí fóònù! Mo to ìwé mi sórí tábìlì. Nígbà tí adájọ́ sọ̀rọ̀, mo dìde dúró ṣánṣán nínú yàrá mi, torí nílé wa a kì í jókòó kí adájọ́ máa bá ni sọ̀rọ̀. Ohùn ọkùnrin tó ti dàgbà ni, ó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó bi mí ní orúkọ, mo dáhùn.

"Kí a tó bẹ̀rẹ̀," ló wí, "káńsù sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé wọ́n ti san owó náà."

"Rárá o, sà. Mi ò san nǹkan kan."

"Ẹnìkan san án lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì rẹ àti nọ́ńbà mọ́tò rẹ ló fi san án."

"Ta ni, sà?"

"Mi ò mọ̀. Ó bà mí nínú jẹ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti sanwó, òfin gbà pé ẹ̀sùn náà tọ́ nìyẹn. Kò sí ẹjọ́ níwájú mi mọ́."

Mo ní, "Sà, ṣé ẹ ti wo fọ́tò yẹn? Èyí tó yà láti ẹ̀gbẹ́?"

"Mo ti wò ó."

"Kí lẹ rí níbẹ̀, sà?"

Mo gbọ́ bó ṣe pa ìwé dé. "Mi ò lè sọ ìyẹn fún ọ mọ́," ló wí, ó sì kí mi pé ó dàbọ̀. Mo ṣì wà lórí ìdúró pẹ̀lú gèlè mi.

Ta ló mọ nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì mi láyé yìí? Bàbá mi nìkan ni mo fi í ránṣẹ́ sí, òun ló sì bi mí nípa Ẹ̀gbọ́n Olú. Mo pe Ẹ̀gbọ́n Olú. Bó ṣe gbé e báyìí, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

"Ó ti dé etígbọ̀ọ́ ẹ! Bàbá ní kí n má tíì sọ o. Wọ́n ní kí n bá àwọn san án níbí, àwọn ti fún ìyàwó mi ní owó náà nílé ní Emùré. Owó kòkó tí wọ́n fẹ́ fi tún òrùlé ṣe ni. Àbúrò mi, o ní bàbá o! Ọkàn ẹ ti balẹ̀ báyìí, àbí?"

Kí lẹ fẹ́ kí n wí? Kí n bú u? Ẹ̀gbọ́n tó gbé mi sílé rẹ̀ nígbà tí mi ò mọ̀ ju orúkọ mi lọ? Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ó pẹ́ fún wa." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ju ara mi sílẹ̀, mo ké.

Mo sì mọ bàbá mi dáadáa. Ọdún kan wà tí ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ láti Ìgbàrà-Odò wá kọ lu mọ́tò Pijó rẹ̀ níbi tó gbé e sí ní tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Gíláàsì iná ẹ̀yìn fọ́ yángá. Àwọn ará àdúgbò jáde, ọlọ́kadà ń pariwo pé Pijó ni kò dúró dáadáa. Ẹ gbà mí o! Pijó tí kò kúrò lójú kan láti àná! Bàbá mi kò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló jẹ̀bi. Ó wo eékún ọlọ́kadà tó bó, ó kó owó fún un pé kó lọ fi ra oògùn, ó ní kó máa lọ. Mo bínú, mo ní èwo lèyí. Ó ní, "Ṣé ẹ̀bi ni a máa jẹ lálẹ́ ni? Ẹni tó bá sanwó ló parí ìjà." Bó ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Tí aáwọ̀ bá wọ àdúgbò wa, òun ló máa fi owó ara rẹ̀ tán an, wọn á wá máa kí i kú àgbà. Ní Ìkẹ́rẹ́, ẹni tó bá sanwó ni àgbà. Níbí, òun ni ọ̀daràn. Ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún un? Èmi ni ó yẹ kó ti sọ ọ́, mi ò rántí. Mo sọ gbogbo òfin fún bàbá mi, mi ò sọ pé tí ẹnikẹ́ni bá san án, ó tán.

Mo lọ bá ọ̀gá wa. Mo ní bàbá mi ló san án láìjẹ́ kí n mọ̀, láti Nàìjíríà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá rẹ san owó ìtanràn tí ìwọ ò jẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló dé tó máa ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ ṣàlàyé Pijó fún un, mo fẹ́ ṣàlàyé ọlọ́kadà, eékún tó bó, gbogbo rẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀, mo pa ẹnu dé. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni wọ́n ń pè é nílé wa. Èyí ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkankan. Ó ti ìwé mi bọnú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, kò buwọ́ lù ú. Ó ní kí n parí oṣù, kí n dá káàdì padà.

Mo ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó pọ̀ báyìí. Gbogbo wọn ló ń béèrè ohun tí ọ̀gá mi àtijọ́ máa sọ nípa mi. Wọ́n ti rán ẹlòmíì sí Bàbá Jọ́jì. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí i kẹ́yìn, mo ní mo pàdánù ẹjọ́ náà. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù.

Sátidé dé, mo pe ilé. Bàbá mi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó ń dúró dè mí. Ohùn rẹ̀ ń dán, ó ti gbọ́ lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n Olú pé mo ti mọ̀.

"Ṣé wọn ò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́?"

"Wọn ò yọ mí lẹ́nu mọ́, Bàbá. Ẹ ṣeun gan-an. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jẹun ọmọ."

"Àmín! Ọ̀gá rẹ ńkọ́? Ó ti buwọ́ lùwé?"

"Ó ń bọ̀ lọ́nà, sà."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó gbàdúrà fún mi, ó gbàdúrà fún ọ̀gá wa náà. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé èèyàn ń gbọ́ wa.

"Mi ò tilẹ̀ bi ọ́ dáadáa o. Ní òótọ́ Ọlọ́run, nínú ìwọ àti káńsù yẹn, ta ló jẹ̀bi?"

Mo ń gbọ́ adìyẹ tó ń ké lẹ́yìnkùlé wa. Òrùlé tó ń jò wà lókè orí rẹ̀. Tí mo bá ní káńsù ni, á bi mí pé kí ló wá dé tí mo fi ń sunkún, torí ó ti gbọ́ ọ lóhùn mi. Á bi mí títí á fi mọ ohun tí owó òun ṣe.

"Èmi ni, Bàbá," mo ní. "Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Mo fura," ló wí. Kò bínú, ohùn rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀. "Kò burú. Ọmọdé ní í ṣẹ̀, àgbà ní í forí jì í. Ṣùgbọ́n má yá ẹnikẹ́ni ní káàdì mọ́ o."

Mo ní, "Mi ò ní yá ẹnikẹ́ni mọ́, sà."